Awọ Ọ̀pọ̀lọ́ àti Omi Tí N Kò Tọ́ Wò

Bí ẹnì kan bá bi mí léèrè iṣẹ́ tí mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, mo máa ń sọ fún un pé awọ ọ̀pọ̀lọ́ ni mo fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wò. Wọ́n á bú sẹ́rìn-ín. Àwọn mìíràn á sún sẹ́yìn díẹ̀, àfi bí ẹni pé mo fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú, mo ti mọ́ ọn lára. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra láti parí kọlẹ́ẹ̀jì wá bi mí bóyá iṣẹ́ lábò, yàrá ìwádìí sáyẹ́ǹsì, dáa fún obìnrin, torí ìyá rẹ̀ ń fẹ́ kó lọ ṣiṣẹ́ báńkì. Mo ní kó jókòó. Mo sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Ó ní, "Tàǹtí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀." Òun ni mo ń kọ ọ́ fún, òun àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ ń ro ohun tẹ́ ẹ máa fi ayé yín ṣe.

Ràbíátù lorúkọ mi. Jẹ̀gan-Kpèví níbí, ní Àjàṣẹ́, ìlú ẹ̀bá ọ̀sà, ni wọ́n bí mi sí. Télọ̀ ni bàbá mi, Mùsùlùmí ni wá. Bí mo ṣe dé ibi iṣẹ́ náà kò lẹ́jọ́ nínú: wọ́n ń wá ẹni tó mọ èdè Faransé kọ tọ́wọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n, mo kọ̀wé, wọ́n pè mí. Owó oṣù náà ò pọ̀, ebi ò sì pa mí kú. Ẹ jẹ́ ká fo ibẹ̀.

Mùsé Ogúsítì ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́; Mùsé ni à ń pe ọ̀gbẹ́ni lédè Faransé. Ègùn ni, ọmọ Àjàṣẹ́ bíi tèmi, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló ń lọ, ó sì gbọ́ Yorùbá ju àwọn àbúrò mi lọ. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kóòtù funfun rẹ̀ máa ń le gan-an nítorí sítáàṣì. Kò pariwo rí. Ì bá tiẹ̀ pariwo, ì bá sàn fún mi. Tó bá ti rí àṣìṣe, á kàn wò ó, á sì wò ọ́, á tún wò ó padà, ara rẹ á sì bù máṣọ.

Oṣù mẹ́ta gbáko ni kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ẹ̀rọ. Ife ni mo ń fọ̀. Ife gíláàsì kéékèèké, èyí tí ẹnu rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ̀ẹ̀meje ni wàá fi omi ẹ̀rọ ṣan ọ́n, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wàá fi omi tí wọ́n sè, tí wọ́n tún gba ooru rẹ̀ padà, ṣan ọ́n. Lẹ́yìn ìyẹn, á gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Tó bá rí ipa omi kan ṣoṣo, á dá gbogbo rẹ̀ padà sínú abọ́ ìfọǹkan, èyí tó mọ́ àtèyí tí kò mọ́. Mo sunkún nídìí abọ́ yẹn ju bí mo ṣe sunkún nígbà ìgbéyàwó mi lọ.

Lọ́jọ́ kan ó sú mi. Mo ní, "Mùsé, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀pọ̀lọ́ yìí máa mọ̀ ni?"

Ó wò mí. Ó wo ife. Ó ní, "Ràbí, á mọ̀ jù ẹ́ lọ."

Òfin rẹ̀ kejì jẹ mọ́ omi tí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ ń gbé. Inú básẹ̀nì sìmẹ́ǹtì kan lẹ́yìn lábò ni wọ́n wà, a fi àwọ̀n bò ó. Omi òjò inú àmù la máa ń dà sí i, tí òjò ò bá sì sí, omi ẹ̀rọ tó ti jókòó fún ọjọ́ méjì. Ẹni tó bá máa da omi gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi ìka kàn án, kó tọ́ ọ wò, kó tutọ́ rẹ̀ dànù. Bí iyọ̀ bá wà nínú rẹ̀ bó ti wù kó kéré mọ, dànù ni. Mo ní ẹ̀rọ tó ń wọn iyọ̀ wà kẹ̀. Ó ní ẹ̀rọ lè bàjẹ́ kó má sọ fún ẹ, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ, bó bá bàjẹ́, ọbẹ̀ ilé rẹ á sọ fún ẹ.

Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdáánì, n kò lè fi omi sẹ́nu. Mùsé mọ̀. Bó bá ti rí mi pẹ̀lú garawa, á dìde níbi tó wà, á ki ìka bọ omi, á tọ́ ọ wò, á mi orí, á padà lọ jókòó. Gbogbo ààwẹ̀ tí mo gbà lábẹ́ rẹ̀, bó ṣe ṣe é nìyẹn, ó sì ti mọ́ mi lára débi pé n kò kà á sí iṣẹ́ mọ́.

Ní ìparí oṣù kẹta ló wá pè mí sídìí ẹ̀rọ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí, torí òun ló mú mi dúró síbi iṣẹ́ yẹn títí irun mi fi funfun.

Ó ti pa ọ̀pọ̀lọ́ kan ní kíá, ó bó awọ ikùn rẹ̀. Ó tẹ́ awọ náà sáàárín ife méjì tó dojú kọra, ó fi ìdè dè wọ́n pọ̀, awọ yẹn wá di ògiri láàárín wọn. Ó da omi iyọ̀ sí ti ọ̀tún, ó da sí ti òsì. Omi kan náà, iyọ̀ kan náà, ó ga dọ́gba. Kò sí ohun tó ń ti omi náà láti ibì kankan. Ó wá fi wáyà so ó mọ́ àpótí kan tó ní abẹ́rẹ́ lójú, ó ní kí n máa wo abẹ́rẹ́.

Abẹ́rẹ́ dìde.

Mo wẹ̀yìn wò bóyá ẹnì kan ló tẹ nǹkan. Kò sẹ́nì kankan. Mùsé ní, "Iyọ̀ ló ń gbé." Ọ̀pọ̀lọ́ ti kú, orí rẹ̀ wà nínú abọ́, ọkàn rẹ̀ ò lù mọ́, awọ ikùn rẹ̀ sì wà níwájú mi tó ń ṣiṣẹ́. Ó ń gbé ọ̀kan nínú ìdajì méjì iyọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní sódíọ̀mù, láti ìta wá sínú. Sódíọ̀mù yẹn máa ń gbé iná mànàmáná díẹ̀ dání, òun ni abẹ́rẹ́ ń kà. Ní ojú ara tó kọjú síta, ilẹ̀kùn kéékèèké wà tí sódíọ̀mù ń gbà wọlé. Ní ẹ̀yìn, nǹkan kan wà tó ń fà á jáde sọ́dọ̀ ẹ̀jẹ̀, tó sì ń gba potasíọ̀mù wọlé dípò rẹ̀. Ọ̀pọ̀lọ́ jókòó nínú omi òjò tí iyọ̀ inú rẹ̀ kò tó ohun tí ahọ́n lè mọ̀, awọ rẹ̀ sì ń ṣa á lọ́kọ̀ọ̀kan wọlé, tọ̀sán-tòru, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má bàa di omi lásán. Sùbùhánálláhì! Ohun tí mo fi ẹnu mi sọ nìyẹn. Mùsé ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kíndìnrín tìẹ náà, bó ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Lọ́jọ́ yẹn mo rìn dé ilé láì wọ zẹ́mìjàn, ọ̀kadà tiwa, ẹsẹ̀ mi ò kanlẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọ́ mi ní tàwọn òjíṣẹ́. Ara ẹ̀dá ní àwọn òjíṣẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri, ọ́mọ́ọ̀nù là ń pè wọ́n. Ọ̀kan wà tó ń yára: bó o bá kán an sí ẹ̀yìn awọ, kó o tó yí ojú, abẹ́rẹ́ ti ń gòkè. Ọ̀kan wà tí kò yára rárá. Ẹṣẹ́ kan, ẹ̀yà ara kékeré tó jókòó sórí kíndìnrín, ló ń rán an, àlìdósìtẹ́rọ́ọ̀nù lorúkọ rẹ̀, ẹ má gbìyànjú láti pè é lórí ìdúró. Ìyẹn á dé, kò ní ṣe nǹkan kan fún bíi wákàtí kan, wàá rò pé o ti kán omi lásán. Inú awọ ló wọ̀ lọ, tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n mọ ilẹ̀kùn tuntun. Bí wọ́n bá mọ ọ́n tán, iyọ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí wọlé. Oògùn kan sì wà tó jẹ́ pé tó o bá kán an sójú ìta báyìí, gbogbo ilẹ̀kùn á tì pa, abẹ́rẹ́ á wálẹ̀ gbì. Àní kálísíọ̀mù lásán, tó bá pọ̀ jù níta, iṣẹ́ náà á falẹ̀. Mo máa ń rò ó nígbà tí mo bá ń kírun: ẹ̀yà ara tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, wọ́n ti kọ́ ọ ní gbogbo èyí kí a tó bí baba ńlá ẹnikẹ́ni nínú wa.

Irinṣẹ́ yí padà lójú mi. Abẹ́rẹ́ la kọ́kọ́ ń kà, èmi ni mo ń pè é, Mùsé ń kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀, ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú, kò gbọdọ̀ sẹ́ni tó wúkọ́. Nígbà tó yá wọ́n gbé ẹ̀rọ kan wá tó ní bírò, ó ń fa ìlà sórí bébà tó ń yí bọ̀. Mo fẹ́ràn ìyẹn jù. O lè gbé iṣẹ́ ọjọ́ kan sọ́wọ́ bí aṣọ. Nígbẹ̀yìn, ọ̀dínátẹ́ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà, dé. Ó dáa, kì í báni jà, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó bá a dé kì í wo awọ mọ́, ojú kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n ń wò.

Mùsé Ogúsítì fẹ̀yìn tì ní ọdún kejìlélógún mi. Wọ́n fi mí jẹ ọ̀gá lábò. Ẹ má jẹ́ kí n parọ́ fún yín: mo gbéra ga. Mo ran kóòtù funfun mẹ́ta, mo sì ní kí wọ́n fi sítáàṣì sí i. Mo ń dá ife padà sínú abọ́. Ohun tí mo bá ní kó rí bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni.

Ọdún yẹn gan-an ni Ìyábọ̀ dé. Ọmọ Kétu ni, Kìrìsìtẹ́nì, ọwọ́ rẹ̀ gùn bí ti ẹni tó ń ta gìtá. Ó ń kọ tẹ́ẹ̀sì, ìwé ìwádìí oyè dókítà, lórí òjíṣẹ́ tí kì í yára yẹn àti bó ṣe ń bá awọ ọ̀pọ̀lọ́ sọ̀rọ̀. Àyè kan ṣoṣo ni ilé iṣẹ́ náà ní fún akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀pọ̀ ló sì ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Dírẹ́tẹ̀ wa, olórí ilé iṣẹ́ náà, sọ fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ pé tí kò bá rí ìlà tó dáa kan fi hàn nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ń parí, á gba àyè náà fún ẹlòmíràn. Gbogbo ohun tó ní nìyẹn. Bàbá rẹ̀ ti kú, ìyá rẹ̀ ń yan gààrí.

Oṣù méjì àkọ́kọ́, ó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ́ awọ, àwọn ìlà rẹ̀ ò tíì dúró dáadáa, bó ṣe máa ń rí fún gbogbo wa nìyẹn. Mo pariwo mọ́ ọn. Mùsé ò pariwo mọ́ mi rí, ṣùgbọ́n èmi pariwo mọ́ ọmọ yẹn.

Ààwẹ̀ wá bọ́ sínú ẹ̀ẹ̀rùn. Àmù ti gbẹ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ẹ̀rọ lọ, wọ́n ní páìpù kan ló bẹ́, kò sì dé mọ́. Kànga kan wà lágbàlá wa, a máa ń pọn ún nígbà òjò, omi rẹ̀ dùn. Mo fa omi níbẹ̀, mo gbé garawa lọ sídìí básẹ̀nì. Ẹnu mi gbẹ, oòrùn ń pa mí, orí ń fọ́ mi. Mo dúró díẹ̀. Ara mi mọ̀ pé ohun kan kù, ṣùgbọ́n ẹni tó máa ń dìde wá ti fẹ̀yìn tì.

Ìyábọ̀ ń fọ ife lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó nu ọwọ́. Ó ní, "Tàǹtí, ṣé kí n bá yín tọ́ ọ wò?"

Kí ló dé tí mo fi dá a lóhùn bí mo ṣe dá a lóhùn? Ebi kọ́, òùngbẹ kọ́. Ìgbéraga ni. Mo ní, "Ìwọ tó ò tíì mọ awọ tẹ́, ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi ní omi? Gbẹ́nu dání, jàre!" Mo da garawa náà sí i. Mo tún da òmíràn. Gbogbo ààwẹ̀ yẹn, omi kànga ni mo ń dà.

Láàárín ọjọ́ mélòó kan, nǹkan yí. Ìyábọ̀ á tẹ́ awọ, ìlà á kàn nà gbalaja sórí bébà, kò ní gòkè. Á tẹ́ òmíràn, bákan náà. Ó ń dé ṣáájú gbogbo wa, ó ń kẹ́yìn gbogbo wa, ó ń fọ ife ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá dípò meje. Mo ní ó ń ya awọ náà pẹ̀lú èékánná. Ó gé èékánná rẹ̀ dé ẹran. Ìlà ò gòkè. Nígbà tí Dírẹ́tẹ̀ bi mí léèrè, níwájú ọmọ náà, mo ní, "Ọwọ́ rẹ̀ ò gba iṣẹ́ yìí." Èmi ni mo sọ ọ́. Kò sí ẹni tó fi tipá mú mi.

Wọ́n gba àyè náà lọ́wọ́ Ìyábọ̀, ó sì kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Kétu nígbà tí ààwẹ̀ ku ọjọ́ mẹ́ta. Ó kí mi kó tó lọ, ó kúnlẹ̀. Mo ní Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà mìíràn.

Lẹ́yìn ìtùnú ààwẹ̀, mo gbé oúnjẹ ọdún lọ fún Mùsé Ogúsítì nílé rẹ̀ ní Wàndó. Ó ti gbọ́, ìròyìn ìlú yìí kì í sùn. Ó ń jẹun, mo ń ro ẹjọ́ ọmọ náà fún un, mo ní àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò ní ọwọ́, pé ó ba awọ tó lé ní ogún jẹ́.

Ó ní, "Ṣé awọ náà ń jò?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Bí awọ bá ya, omi iyọ̀ á máa gba ojú ibi tó ya kọjá, ẹ̀rọ sì máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wa lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Mo ti rí i lójoojúmọ́ pé ti Ìyábọ̀ kò jò. Mo rí i, n kò sì fiyè sí i, torí mo ti mọ ẹni tó jẹ̀bi.

Mo ní, "Kò jò, Mùsé."

Ó gbé síbí sílẹ̀. Ó ní, "Awọ tí kò jò kò ya. Ó ti ilẹ̀kùn ni. Ràbí, ta ló ní kó tì í?"

Ó wò mí, ó wo oúnjẹ ọdún tí mo gbé wá, ó tún wò mí padà. Ó ní, "Ta ló bá ẹ tọ́ omi wò lọ́dún yìí?"

Háà! Ẹ̀yin ọmọ! Ilé yẹn kún fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ tó ń ṣeré, n kò gbọ́ ariwo wọn mọ́. Mo dìde láì kí i, mo wọ zẹ́mìjàn, mo lọ tààrà sí básẹ̀nì, mo ki ìka bọ̀ ọ́, mo fi sẹ́nu.

Iyọ̀ ni. Kò pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọwọ́ á mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn, òkun máa ń gòkè wọ ọ̀sà wa, ó sì ń rìn lábẹ́ ilẹ̀ wọ kànga. Gbogbo ọmọ Àjàṣẹ́ ló mọ̀. Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ yẹn ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin jókòó nínú iyọ̀. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti mọ̀ pé iyọ̀ pọ̀ níta, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín wọn ò rán òjíṣẹ́ mọ́, awọ sì ti ti ilẹ̀kùn rẹ̀, bó ṣe yẹ kó ṣe. Kò sí èyí tó kú nínú wọn. Kò sí ọwọ́ tó bà wọ́n jẹ́. Wọ́n ń ṣe iṣẹ́ wọn lọ́nà tó pé, àwa la ò mọ ohun tí à ń kà. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá básẹ̀nì. Ẹ̀rù bà mí, ẹnu sì yà mí, n kò mọ èyí tó pọ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tí kò dáa. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi pa á mọ́ra. Omi ẹ̀rọ ti dé. Mo lè pààrọ̀ omi básẹ̀nì, awọ á ṣílẹ̀kùn padà, akẹ́kọ̀ọ́ tuntun á dé, gbogbo ayé á ní ọwọ́ rẹ̀ dáa ju ti Ìyábọ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Mùsé mọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò ní sọ. Mo ń kírun, n kò mọ iye rákáà tí mo kí. Ní ọjọ́ kẹrin mo wọ takisí tó ń lọ sí Kétu.

Ìyábọ̀ wà lágbàlá ìyá rẹ̀, ó ń sẹ́ gààrí. Nígbà tó rí mi, ajọ̀ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Tàǹtí! Ta ló kú?"

Mo ní, "Kò sẹ́ni tó kú. Ọwọ́ rẹ dáa. Omi mi ni kò dáa. Iyọ̀ wà nínú rẹ̀."

Ó ń wò mí. Ìyẹ̀fun gààrí wà lára ìpéǹpéjú rẹ̀. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ gan-an.

"Mo ní kí n bá yín tọ́ ọ wò."

"O sọ bẹ́ẹ̀."

"Ẹ ní kí n gbẹ́nu dání."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀."

"Mo gé èékánná mi, Tàǹtí. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde. Ẹ sì ń wò mí."

Mo kúnlẹ̀ fún un. Èmi, ìyá ọlọ́mọ, lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀, níwájú ìyá rẹ̀ àti àwọn tó wá ra gààrí. Ìyá rẹ̀ ń pariwo pé kí n dìde, pé èèwọ̀ ni. Ìyábọ̀ ò ní kí n dìde. Ó kàn ní, "Ṣé ẹ máa sọ ọ́ níwájú Dírẹ́tẹ̀?"

"Màá sọ ọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n lọ wọ bàtà."

Mo sọ ọ́. Dírẹ́tẹ̀ gbọ́ ọ títí dópin, ó ní ìtàn dùn, ẹ̀rí ni òun ń fẹ́. Ó ti yan akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn. Ó fún wa ní ọ̀sẹ̀ méjì, ó ní tí ìlà ò bá gòkè, Ìyábọ̀ á lọ pátápátá, èmi náà á sì lọ sí ìdí ìwé kíkọ ní ọ́fíìsì.

A pín àwọn ọ̀pọ̀lọ́ sí méjì. Ìdajì padà sínú omi tí kò níyọ̀, ìdajì dúró nínú omi kànga. Ìyábọ̀ ló ń tọ́ gbogbo garawa wò, níṣojú mi. N kò bá a wí nípa nǹkan kan. N kò lẹ́nu rẹ̀.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì náà pé, Dírẹ́tẹ̀ wá jókòó sí lábò. Ìyábọ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ awọ ọ̀pọ̀lọ́ omi dídùn. Bírò fọwọ́ kan bébà, ó sì gòkè, ó gòkè, mo rò pé ó máa jáde nínú bébà. Ó tẹ́ awọ ti omi kànga sínú ife mìíràn. Ìlà nà gbalaja. Dírẹ́tẹ̀ mi orí, ó ti fẹ́ dìde, ó ní ó ti tó.

Ìyábọ̀ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró." Ó mú òjíṣẹ́ tí kì í yára yẹn, ó kán an sí ẹ̀yìn awọ tó ti ilẹ̀kùn náà. Mo ní lọ́kàn mi pé ọmọ yìí á bà á jẹ́. Ìlà ò mira. Ìdajì wákàtí. Ìlà ò mira. Dírẹ́tẹ̀ ń wo aago. Wákàtí kan. Ìyábọ̀ ò jókòó, kò gbójú kúrò lára bírò.

Ìlà náà gbéra.

Díẹ̀díẹ̀ ni, bí ẹni tó ń jí lójú oorun. Ó ń gòkè, kò dáwọ́ dúró, ó sì ń bá tàkọ́kọ́ dọ́gba lọ. Awọ tí kò ní orí mọ́, tí kò ní ẹ̀jẹ̀ mọ́, gbọ́ iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, ó lọ mọ ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Mo ti lo ọdún méjìlélógún nídìí nǹkan yẹn, n kò rí i kó jí báyìí rí, torí n kò jẹ́ kó sùn báyìí rí. Ìyábọ̀ wá kán oògùn tó ń ti ilẹ̀kùn sójú ìta, ìlà sì wálẹ̀ gbì, kí gbogbo wa lè mọ̀ pé sódíọ̀mù ni, pé kì í ṣe àlá. Dírẹ́tẹ̀ bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún. Mo ń sunkún, ojú ò tì mí. Ìyábọ̀ náà ń sunkún, ṣùgbọ́n kò wò mí.

Ó gba àyè rẹ̀ padà. Iyọ̀ kànga yẹn gan-an ló di tẹ́ẹ̀sì rẹ̀: ọ̀pọ̀lọ́ omi dídùn, ọ̀pọ̀lọ́ omi iyọ̀, àti òjíṣẹ́ tó wà láàárín wọn. A jọ ṣe é fún ọdún méjì. Ó ń pè mí ní Tàǹtí, ó ń bọ̀wọ̀ fún mi, a ń jẹun pọ̀. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí. N kò sì bi í.

Lọ́jọ́ tó lọ gbèjà tẹ́ẹ̀sì náà níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n, gbọ̀ngàn kún. Mùsé Ogúsítì wá, mo jókòó tì í. Ọ̀jọ̀gbọ́n àgbà kan tó wá láti ìlú mìíràn ṣí ìwé náà, ó ka ìlà kan sókè: "Àwọn ọ̀pọ̀lọ́ náà ti wà nínú omi kànga fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí a tó pín wọn. Ìyáàfin Ràbíátù ló dà á sí i láì tọ́ ọ wò, òun fúnra rẹ̀ ló sì wá sọ ọ́." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní a kì í kọ irú èyí sínú tẹ́ẹ̀sì, pé kó yọ ọ́.

Ìyábọ̀ ní, "Tí mo bá yọ ọ́, ọ̀gá, kò sẹ́ni tó máa mọ bá a ṣe dé ibi tá a dé. Mi ò ní yọ ọ́."

Ọkùnrin náà gbójú sókè. Ó ní, "Ta ni Ìyáàfin Ràbíátù?"

Mo dìde. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

Ó ní, "Ṣé òótọ́ ni ohun tó kọ síbí?"

Mo ní, "Òótọ́ ni."

"Èwo nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Ìlà náà látòkèdélẹ̀, ọ̀gá."

Ìgbà yẹn ni Ìyábọ̀ wò mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n náà ti ìwé dé, ó ní kí n jókòó, ó sì ní kí wọ́n fi ìlà náà sílẹ̀ bó ṣe wà. Ó ṣì wà níbẹ̀ dòní, nínú yàrá ìkàwé, ní ojú ewé tí wọ́n ti ń sọ bí wọ́n ṣe ṣe iṣẹ́ náà: orúkọ mi àti àṣìṣe mi, lórí ìlà kan ṣoṣo, kò sì sí ibòmíràn tí wọ́n kọ orúkọ mi sí nínú ìwé kankan.